Wáyà Tó Gba Ẹ̀yìn Fọ́tò Ọkọ Mi Kọjá

Migdalia, obìnrin tó ń gbé òdìkejì ilé mi, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Mo jókòó lójú fèrèsé, mò ń ṣan ife, òun náà yọrí lójú fèrèsé tirẹ̀ bí ahun.

"Eulalia! O ti gbọ́? Orestes ń ta irinṣẹ́ rẹ̀."

"Orestes wo?"

"Orestes mélòó la ní ní Manzanillo tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe? Orestes tí o fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbi ìlà búrẹ́dì ni. Irin tó fi ń lẹ wáyà pọ̀, ó ti tà á. Tábìlì ló kù. Wọ́n ní ó fẹ́ lọ máa bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa àwọ̀n létí òkun."

"Kí ló dé?"

"O tún ń bi mí? Ta ló máa gbé kọ̀ǹpútà fún ẹni tí wọ́n pè ní olè? Ìwọ lo pè é bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi."

Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jẹ owó opó, òkun ni kó lọ."

Ẹnu mi ló sọ ọ́ o. Kì í ṣe ọkàn mi. Nítorí Orestes ò jalè, mo sì mọ̀ pé kò jalè. Ẹni tó ń ba kọ̀ǹpútà ilé wa jẹ́, èmi ni mò ń bọ́jú fún un láràárọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rò ó tán. Ẹ ó wá bú mi tẹ́ ẹ bá ráyè.

Evelio ọkọ mi kú, ó fi ilé kan, ọmọ kan àti ẹnu mi sílẹ̀ fún mi. Ẹnu yẹn ni mo fi jẹun. Mo ta áyù, mo ta ọṣẹ, mo ta òwú àti abẹ́rẹ́, mo ta kọfí létí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ọlọ́pàá lé mi títí, ẹsẹ̀ mi yá ju tiwọn lọ.

Yanelis ọmọ mi lọ sílé ọkọ, ó padà. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹrù, ọkọ gbé bẹ́ẹ̀dì, ọkọ gbé tẹlifíṣọ̀n, Yanelis gbé kọ̀ǹpútà. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí kọ̀ǹpútà la ó máa sùn?"

Àṣé òun ló máa bọ́ wa. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbé pákẹ́ẹ̀tì wá fún un láti Bayamo: fíìmù, eré àtìgbàdégbà, orin, bọ́ọ̀lù, gbogbo rẹ̀ nínú dísíìkì kan tí kò tó búrẹ́dì. Àwọn aládùúgbò á mú fláàṣì wọn wá, Yanelis á bu ohun tí kálukú fẹ́ sí i, bí ẹni ń wọn epo sínú ìgò. Wọ́n á sanwó, wọ́n á gbé e lọ sílé lọ wò ó.

Ìdààmú wa kò ju iná lọ. Iná Manzanillo dà bí ọkùnrin tó ní ilé méjì. Bó bá dé, kò ní sọ ìgbà tó máa lọ. Bó bá lọ, ẹ má gbé oúnjẹ rẹ̀ pa mọ́.

Orestes ló wá bá wa wá nǹkan ṣe sí i. Ó gbé àpótí kan wá, irú èyí tí wọ́n máa ń lò ní ọ́fíìsì kí kọ̀ǹpútà má baà kú lójijì bí iná bá lọ. Bátìrì inú rẹ̀ ti kú, ló bá fi bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù rọ́pò rẹ̀, wáyà méjì tó nípọn bí ìka ló fi so wọ́n pọ̀. Ó ti gbogbo rẹ̀ sábẹ́ tábìlì Yanelis. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi. Kò kọjú sí Yanelis o, èmi ló kọjú sí, bí ẹni pé ẹnì kan ti sọ nǹkan fún un.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà nìkan ló gbọ́dọ̀ jẹun nínú àpótí yìí. Kì í ṣe fáànù, kì í ṣe áyọ́ọ̀nù, kì í ṣe nǹkan kan mìíràn."

"Kí ló dé? Ṣé ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún ẹni mímọ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ti ta ọjà rí. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ ó kó ọjà wọlé, ẹ ó tò ó, ẹ ó ti ilẹ̀kùn. Bí ẹnì kan bá wá ṣàdédé fa ilẹ̀kùn lù yín nígbà tí ọjà ṣì wà lọ́wọ́ yín ńkọ́?"

"Ọjà á dàálẹ̀ nìyẹn."

"Ọjà á dàálẹ̀, á sì fọ́. Fáìlì ni ọjà inú kọ̀ǹpútà. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fi ń dìde láràárọ̀. Bí ìwọ̀nyẹn bá fọ́, kò lè jí mọ́. Àpótí yìí ló máa jẹ́ kí Yanelis rí àyè ti ilẹ̀kùn, àmọ́ bí ohun ńlá mìíràn bá bá a jẹun, òun fúnra rẹ̀ ló máa fa ilẹ̀kùn lù ú."

Mo gbọ́. Ó yé mi ju ìwàásù àlùfáà lọ. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín pé kò yé mi.

Ní àkókò yẹn, orókún ti ń yọ mí lẹ́nu, ojú fèrèsé ni mo ti ń tajà. Durofrío ni mò ń tà: omi àjàgbọn pẹ̀lú ṣúgà, tàbí omi gúáfà, tí mo dà sínú ife kéékèèké tí mo sì kì bọ inú fírísà títí ó fi le bí òkúta. Ọmọdé ń lá a, àgbà ń lá a, ẹni tí kò léyín ló ń lá a jù. Migdalia náà ń ta tirẹ̀ lódìkejì. Ọ̀rẹ́ ni wá, ọ̀rẹ́ tó ń ka ife ara wọn.

Ní ọ̀sán kan báyìí, oòrùn mú débi pé ajá kọ̀ láti gbó. Mo ti kó ife kún fírísà bámúbámú. Iná lọ. Mo dúró, mo tún dúró. Nígbà tó yá mo ṣí ilẹ̀kùn fírísà, omi ṣúgà ń ṣàn bọ̀ lórí ilẹ̀, àwọn èèrà sì ti ń pe ìbátan wọn.

Mo yí ojú padà. Nínú yàrá, Yanelis ń pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́jẹ́. Lábẹ́ tábìlì, àpótí Orestes ń kùn hùn-ún, iná kékeré kan tó wà lójú rẹ̀ ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, àwọ̀ ewé tútù. Mo ní mi ò ní parọ́: ó ń ṣẹ́jú sí mi bí ọkùnrin níbi ijó.

Ihò kan wà lára ògiri tó pín yàrá Yanelis àti ilé ìdáná níyà. Evelio ló lu ú nígbà ayé rẹ̀, kò sì dí i títí ó fi kú. Fọ́tò rẹ̀ ni mo fi bò ó. Lọ́jọ́ kejì tí Yanelis jáde, mo mú wáyà gígùn kan, mo tì í gba inú ihò náà kọjá láti ọ̀dọ̀ fírísà, mo fà á gba ẹ̀yìn fọ́tò wá sísàlẹ̀ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo ki ẹnu rẹ̀ bọ ẹ̀yìn àpótí.

Evelio kò lè pa àṣírí kan mọ́ láti oúnjẹ àárọ̀ di oúnjẹ ọ̀sán nígbà tó wà láyé. Òun náà ló wá ń bá mi pa eléyìí mọ́. Mo ní, "Ikú ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjà yá! Iná á lọ, durofrío gbogbo àdúgbò á di ọbẹ̀, tèmi á le gbagidi. Àwọn tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ á tò síwájú fèrèsé mi. Migdalia á yọrí síta, á máa wo ife tó yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á tún wo tèmi.

"Eulalia, báwo lo ṣe ń ṣe é?"

"Ọwọ́ Olúwa ni, Migdalia."

"Olúwa tèmi ńkọ́?"

"Bóyá ìwọ lò ń ṣí ilẹ̀kùn fírísà jù."

Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Yanelis tàn án láàárọ̀, ojú rẹ̀ di búlúù, ó kọ lẹ́tà funfun rádaràda, kò sì jí. Yanelis sunkún. Orestes wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Orestes ṣe máa ń wá. Láti ìkóríta ló ti máa ń súfèé, tí ẹni tó wà nílé á ti mọ̀ pé òun ló ń bọ̀. Bí mo bá ti gbọ́ súfèé yẹn báyìí, mà á sáré wọ yàrá pẹ̀lú ìgbálẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbálẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, mà á fa wáyà mi yọ, mà á ká a sẹ́yìn Evelio. Bó ṣe ń wọlé, mò ń gbé kọfí bọ̀.

Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí Orestes bá wà nídìí kọ̀ǹpútà, ara kọ̀ǹpútà á yá. Bó bá kúrò, mà á dá wáyà padà, àìsàn á tún dé. Àìsàn tó ń sá fún dókítà ni.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wá àwọn fáìlì tó fọ́ kó sì fi èyí tó dá ṣáká rọ́pò wọn. Lẹ́tà ń sáré lójú dúdú, èmi ń wò ó bí ẹni ń wo òjò. Ó jí. A dúpẹ́. Kò pẹ́ ó tún kú.

Ó ní bóyá kòkòrò ló gba inú fláàṣì àwọn oníbàárà wọlé. Ó ní kí Yanelis máa yẹ fláàṣì gbogbo èèyàn wò kó tó fi bọ̀ ọ́. Àwọn oníbàárà bínú. Obìnrin kan ní, "Ṣé fláàṣì mi ló lárùn?" Ó kó ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kọ̀ǹpútà tún kú.

Ó yọ irin pẹlẹbẹ kan tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan, ó fi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ nu eyín rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó dá a padà. Ó kú.

Níkẹyìn ó ní, "Dísíìkì ló kù. Bó bá ti bàjẹ́, ibi tí wọ́n ń kọ fáìlì sí ni ihò wà, kò sí bí a ṣe lè tún un kọ kó má já." Èmi àti Yanelis tú gbogbo àpò wa, a fún un ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà pésò, ó lọ ra dísíìkì wá láti Holguín. Ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun, ó ṣe é títí òógùn fi ń kán sórí bọ́tìnnì.

Kó tó lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ má bínú tí mo bá bi yín. Ṣé nǹkan kan wà tó tún ń jẹun nínú àpótí yìí?"

Mo wò ó lójú kòró. "Kí ni ì bá wà níbẹ̀? Ẹ̀mí Evelio?"

Yanelis rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Dísíìkì tuntun náà ò lò ju ìgbà tí ọbẹ̀ fi ń kan lọ, ojú kọ̀ǹpútà tún di búlúù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn mo wà níbi ìlà búrẹ́dì, orí mi gbóná, àwọn oníbàárà Yanelis ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Orestes dé, ó béèrè bí gbogbo wa ṣe ń béèrè, "Ta ló gbẹ̀yìn?"

Mo dáhùn lóhùn òkè, "Ìwọ ni! Ìwọ lo máa gbẹ̀yìn lọ́run!"

Gbogbo ìlà yíjú.

"Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó tún ti kú! Ṣé kọ̀ǹpútà lò ń tún ṣe ni, àbí kọfí mi lò ń tẹ̀ lé? Ẹ wo ọkùnrin yìí dáadáa. Ó ń bà á jẹ́ kó lè padà wá, ó ń padà wá kó lè máa wo ojú ọmọ mi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà! Owó opó!"

"Màmá, mo fi dísíìkì yẹn hàn yín..."

"O fi hàn mí! Kí ni mo mọ̀ nípa dísíìkì? O lè fi ideri ìkòkò hàn mí!"

Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń mi orí. Bàbá kan mi orí, ó ní, "Ọ̀nà tí wọ́n fi ń jẹ obìnrin tí kò lọ́kọ nìyẹn." Mo gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ láti ẹnu dé ẹnu títí dé ìdí ìlà, ó sì dùn mọ́ mi. Mo parọ́ bí mo bá ní kò dùn mọ́ mi.

Kò bá mi jà. Ó lọ. Kí n tó gba búrẹ́dì tán ó ti padà dé, ó gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lé mi lọ́wọ́ níṣojú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ó yá a ni.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí mo fi owó náà ṣe. Ṣúgà ni mo fi rà.

Ọlọ́run wá fi mí ṣẹ̀sín. Rọ́bà etí ilẹ̀kùn fírísà mi já, kò pa dé mọ́. Kò sí èyí tí mo lè dì nínú rẹ̀ títí n ó fi rí rọ́bà mìíràn, ni mo bá fa wáyà yọ, mo ká a sẹ́yìn fọ́tò. Ọmọ bùrọ̀dá Orestes kan, tó ń kọ́ iṣẹ́ náà ní Bayamo, bá Yanelis jí kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń tijú.

Kọ̀ǹpútà náà kò dákú mọ́. Iná lọ, iná dé, iná tún lọ. Yanelis á pa á jẹ́jẹ́, á tún tàn án, á dìde bí ọmọ tó jẹ àjẹyó. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́.

Mo rí i. Mo dákẹ́.

Rọ́bà dé. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn fírísà, mo kó ife sínú rẹ̀, mo dá wáyà padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, búlúù. Yanelis fi ọgbọ́n tó rí lọ́wọ́ ọmọ Bayamo yẹn jí i fún ìgbà díẹ̀.

Mo lọ dúró níwájú fọ́tò. Mo ní, "Evelio, ìwọ náà rí i." Ó kàn ń rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe bí mo bá ti ṣe ohun tí kò dáa.

Ó yẹ kí n sọ nígbà yẹn. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kánífà ti súnmọ́lé, gbogbo Manzanillo á jáde wá sí ìgboro, òùngbẹ á sì gbẹ wọ́n. Mo ní lẹ́yìn kánífà ni mà á sọ. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó bá ti ní "lẹ́yìn" báyìí, kò ní sọ mọ́.

Ibẹ̀ la wà tí Migdalia fi yọrí lójú fèrèsé bí ahun.

Yanelis gbọ́ gbogbo ohun tí a sọ. Ó jáde láti inú yàrá, ó ń nu ọwọ́. "Màmá, ṣé òótọ́ ni pé Orestes ń ta irinṣẹ́?"

"Èmi ò mọ̀."

"Mò ń lọ pè é."

"Pe ta? Ẹni tó jà wá lólè?"

"Ẹ̀yin lẹ pè é lólè. Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀. Kó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ sókun."

Mo rò pé kò ní wá. Bó bá sì wá, mà á gbọ́ súfèé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì iná lọ, bó ṣe máa ń lọ. Apá ìkẹyìn eré kan láti Tọ́kì ti wọlé nínú pákẹ́ẹ̀tì, àwọn obìnrin mẹ́ta jókòó sí yàrá Yanelis pẹ̀lú fláàṣì lọ́wọ́. Àpótí bátìrì ń gbé kọ̀ǹpútà ró, Yanelis ń yára bu tiwọn fún wọn kó tó pa á. Èmi wà lójú fèrèsé, mò ń ta durofrío gbagidi nínú òkùnkùn ilé. Migdalia gan-an sọdá ọ̀nà wá.

"Fún mi ní ọ̀kan."

"Ìwọ? O fẹ́ ra durofrío lọ́wọ́ mi?"

"Mo fẹ́ tọ́ ọwọ́ Olúwa wò."

Ó ń lá a lọ́wọ́, ó wọlé wá, ojú rẹ̀ ń yí kiri bí ti ọlọ́pàá ọjà.

Mo ṣíjú wo ẹ̀yìn rẹ̀, Orestes ni mo rí. Ó ti wà nínú ilé. Kò súfèé. Ẹni tí wọ́n ti pè lólè kì í súfèé ládùúgbò.

Ó kí mi. "Ẹ kú ọ̀sán, Màmá." Ohùn rẹ̀ tutù ju ọjà mi lọ. Ó lọ jókòó nídìí kọ̀ǹpútà.

Mo fi ẹsẹ̀ lé ọ̀nà yàrá. Àwọn obìnrin mẹ́ta ti dí ibi tí mo lè gbà dé ẹ̀yìn tábìlì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbálẹ̀ níbẹ̀."

Yanelis ní, "Báyìí, Màmá? Nínú òkùnkùn?"

Orestes gbé etí lé ara kọ̀ǹpútà. "Ẹ dákẹ́ fún mi díẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ bí dísíìkì ṣe ń yí."

Gbogbo ilé dákẹ́. Iná ò sí, nítorí náà fáànù ò sí, rédíò ò sí, gbogbo àdúgbò pa lọ́lọ́. Nínú ìdákẹ́ yẹn ni ohùn kan ti ilé ìdáná mi wá.

Gìrrrrr.

Migdalia yọ durofrío lẹ́nu. "Kí ló ń kùn?"

"Ológbò ni."

"Eulalia, ológbò rẹ ti kú."

"Tuntun ni."

Gìrrrrr.

"Ológbò tuntun yìí ti jẹun yó o!"

Mò ń bẹ gbogbo ẹni mímọ́ tí mo mọ orúkọ wọn. Ẹ̀rọ fírísà sinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún gbéra, gbì! Àpótí abẹ́ tábìlì ké pí-ì-ì, kọ̀ǹpútà kú fin-in lójú gbogbo wọn, eré Tọ́kì dúró sí ààbọ̀ ọ̀nà.

Àwọn obìnrin mẹ́ta kígbe lẹ́ẹ̀kan náà.

Orestes kò kígbe. Ó wolẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó fi ọwọ́ wá ẹ̀yìn àpótí, ó bá wáyà kan tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó fà á díẹ̀. Lórí ògiri, fọ́tò Evelio mi orí.

Ó tún fà á. Evelio tún mi orí, bí ẹni ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, òun ni.

Ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta, fọ́tò já lulẹ̀, ihò yọjú, wáyà mi ta sójú gbangba bí ejò tí wọ́n ká mọ́ inú àwo ìrẹsì.

Ọkọ mi rò mí lẹ́jọ́. Kò lè pa á mọ́ náà ni.

Migdalia ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ọwọ́ Olúwa rèé! Ọwọ́ Olúwa ní ike lára!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, durofrío mi ń kán sí i láṣọ.

Yanelis kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn wò mí. "Màmá."

Mo ní, "Mi ò mọ̀ pé..."

"Ẹ mọ̀."

Mo ní kí n parọ́ sí i, irọ́ tán lẹ́nu mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nínú ayé mi nìyẹn tí ọjà mi tán.

Orestes dìde, ó gbọn eruku orókún rẹ̀. Mo rò pé á bú mi. Ì bá dáa kó bú mi. Ó ní, "Màmá, mo ti ta irin mi. Èyí tí mo fi lẹ àpótí yìí fún yín."

Mo na ife kan sí i. "Orestes, ṣé o máa mu ọ̀kan?"

"Rárá, ẹ ṣeun."

Ó jáde. Migdalia náà ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Lálẹ́ mo sọ fún Yanelis pé mà á yọ́ lọ dá owó náà padà fún un nílé rẹ̀.

"Níbo lẹ ti gbà á?"

"Níbi ìlà búrẹ́dì."

"Ibẹ̀ náà lẹ ó ti san án."

"Yanelis, èmi ni ìyá rẹ o."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa bá yín lọ."

Owó ti di ṣúgà. Mo ta ṣúgà. Migdalia ló ra èyí tó pọ̀ jù, ó rà á ní iye tí èèyàn ń san fún ẹni tó ti rí níhòòhò. Ìyókù, durofrío ni mo fi pa á, ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá wà nìkan. Bó bá yọ́, ó yọ́. Kánífà kọjá lójú mi, mò ń wo bí wọ́n ṣe ń tò sí fèrèsé Migdalia.

Owó pé. Mo lọ sí ìlà ní àárọ̀, aṣọ ìsìn ni mo wọ̀. Mo béèrè, "Ta ló gbẹ̀yìn?"

"Èmi ni," Orestes ní.

Ó ti mú kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, òórùn ẹja wà lára rẹ̀. Yanelis dúró sẹ́yìn mi, kí n má baà rí ọ̀nà sá.

Mo ní, "Orestes kò jalè. Èmi ni mo fi fírísà mi sínú àpótí tó ní kí n má fi nǹkan kan sí. Èmi ni mò ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́."

Ọkùnrin kan ké láti iwájú, "Sọ̀rọ̀ sókè, Eulalia! Ọjọ́ tí ò ń bú u, wọ́n gbọ́ ọ dé Bayamo!"

Ìlà bú sẹ́rìn-ín. Mo mí sínú. Mo kígbe rẹ̀, gbogbo rẹ̀, láti orí fírísà dé orí fọ́tò dé orí súfèé. Nígbà tí mo dé ibi ológbò tuntun, ẹni tó ń pín búrẹ́dì pàápàá ti fi òṣùwọ̀n sílẹ̀.

Bàbá tó mi orí lọ́jọ́sí tún ń mi orí. Obìnrin tó kó fláàṣì rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa ní, "Orestes, rédíò mi ti ń họ láti àná. Ṣé o ṣì ń ṣiṣẹ́?"

Ó ní, "Bí mo bá rí owó ra irin mi padà."

Mo tú kókó etí aṣọ mi. Owó wẹ́wẹ́ ni, owó ojú fèrèsé, bébà kan lẹ̀ mọ́ èkejì. Mo kó o lé e lọ́wọ́, mo ní, "Kà á. Kà á níṣojú wọn."

Ó fi ahọ́n lá àtàǹpàkò rẹ̀, ó ń ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tún lá a. Ó dúró, ó lá a lẹ́ẹ̀kan sí i díẹ̀díẹ̀, ó wo Yanelis, ó wá wò mí.

"Àjàgbọn," ó ní.

Ó ka èyí tó kù tán, ó ká a, ó kì í bọ àpò. "Ó pé, Màmá."